Gáà Ṣábẹ̀ẹ́

Gáà ni à ń pè é. Kì í ṣe gáà Fúlàní,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé màlúù ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí.
Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ó já bọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀,
a sì ṣà á bí ẹni ń ṣa kajú.

Ẹ má bi mí ní ọdún.
Bàbá tó bí bàbá àgbà mi kò ka ọdún, òkúta ló kà,
òkúta tí wọ́n fi orí rù láti ẹsẹ̀ òkè
wá sí ibi tí òyìnbó na okùn sí.
Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá.
Ilé tiwa mú méjì lọ. Ẹyọ kan ló padà,
kò sì na ẹ̀yìn rẹ̀ tán mọ́ títí ó fi kú.

Irin dé, ó sì dúró.
Ọ̀dọ̀ wa ló parí sí fún ìgbà pípẹ́.
Ẹni tó ń lọ Parakú á sọ̀ kalẹ̀,
á ra iṣu, á bú ẹ̀fọn, á wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
"Ìrù irin" ni àwọn ará Kìlíbò ń pè wá.
Kò dùn wá. Ìrù ni ẹran fi ń lé eṣinṣin.
Nígbà tí irin wá na ara rẹ̀ kọjá, a di ìbàdí,
ìbàdí náà kò burú, ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ń gbé.

Bàbá àgbà mi, Bíọ Ọdẹ́yalé,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fa irin kan báyìí,
kí ọkọ̀ tó ń lọ má fi orí gbá ọkọ̀ tó ń bọ̀.
Fìtílà rẹ̀ ní ojú méjì: pupa, àti àwọ̀ ewé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orí kan kò gbá orí.
Ta ni yóò fún èèyàn ní mẹ́dáyì
nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀?

Ìyá àgbà kò ní aago.
Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lórí afárá, á gbé omi iṣu kaná.
Bó bá fọn èkejì tó fẹ́ lọ, odó ti ń dún.
Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́, ebi á máa pa wá,
ìjọba la ó sì máa bú.

Ọ̀nà ọ̀dà dé. Bọ́ọ̀sì dé, ó ní afẹ́fẹ́ tútù.
Ọkọ̀ àárọ̀ di ti ọ̀sán, ti ọ̀sán di ti ọ̀la,
ti ọ̀la di "ẹ lọ wádìí ní Kútọnu".
Èyí tó kọjá gbẹ̀yìn kò sọ fún wa pé òun ni ìkẹyìn.
Mo wà níbẹ̀, mo ń ta ẹ̀pà.
Ọmọdé kan juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.
N kò juwọ́ padà. Mo ń ka ṣéńjì.

Báyìí, ìyá Bọna ń sá láfún síbi tí èrò ń dúró sí,
adìyẹ sàba lójú ihò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.
Àwọn kan gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kun òkúta, wọ́n ní irin tuntun ń bọ̀.
Òjò ọdún mẹ́ta ti fọ ọ̀dà náà.

Àjákù irin kan, tí kò gùn ju apá lọ,
ni wọ́n so kọ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́.
Olùkọ́ a máa fi bọ́lùtù lù ú ní aago mẹ́jọ.
Bàbá àgbà kò mọ orúkọ mi mọ́,
àmọ́ bí irin yẹn bá dún,
ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa tá ògiri.
Mo máa ń gbé fìtílà lé e lọ́wọ́. Kò sí epo nínú rẹ̀.
"Ojú wo ni kí n kọ sí wọn, bàbá?"
"Ewé," ló ní. "Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀."