Dàbínò Mẹ́ta

Kí Láníyọnu tó wọkọ̀ lọ Màídúgùrí,
ó ki ìwé pélébé kan bọ àpò Ìbídùn:
"Ẹ ka àga etí omi Jábì, ẹ sọ iye wọn di ìlọ́po mẹ́ta.
Ẹ yọ òpó iná tó ti kú kúrò níbẹ̀.
Iye ìṣísẹ̀ tó kù, ìdí dóńgóyárò ni kẹ́ ẹ ti kà á."

Àga méje; ọ̀kan ò lẹ́sẹ̀, a kà á mọ́ ọn.
Mọ́kànlélógún.
Òpó mẹ́rin ni ò tanná mọ́.
Ó ku mẹ́tàdínlógún.

Ọmọ mi rìn ín, ó ń kà á lábẹ́ ètè,
ó tú koríko, ó ṣí òkúta:
kòkòrò, ike omi, eruku ọyẹ́.
"Màmá, bọ̀ọ̀dá parọ́."
Mo ní, ẹsẹ̀ ta lo fi wọ̀n ọ́n?
Láníyọnu tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wa!

Mo ká ìró sókè, mo na ẹsẹ̀ gbọọrọ,
mo rìn dé ogún, mo fẹ̀yìn rin mẹ́ta padà.
Ẹlẹ́ṣin kan dúró, ó ń wò wá bí ẹni wo wèrè.

Agolo mílíìkì rèé lábẹ́ gbòǹgbò.
Dàbínò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó ti gbẹ:
ẹ̀ta tí a yọ nínú ogún.
Ìbídùn ti ń jẹ ọ̀kan.
Ó ku méjì.