Ìdákẹ́jẹ́ Inú Ẹ̀rọ

Ní Sàmárù, lójúde yunifásítì,
ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo nǹkan:
bébà, ife tíì, ìpéǹpéjú àwọn ọmọ ọlọ́dún ìkẹyìn
tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà mi
pẹ̀lú fúláàṣì lọ́rùn bí ẹni so tírà.

Kọ̀ǹpútà mi ń jí lọ́wọ́.
Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ní ìdájí,
mo lè gbálẹ̀, mo lè po kókó, mo lè mu ún tán
kó tó fi ojú hàn mí.
Nínú ikùn rẹ̀ ni háàdì àtijọ́ ti ń lọ nǹkan,
kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀,
bí eku tó rí àgbàdo gbígbẹ.

Ojúọlápé, ọmọ àbúrò mi, ní ká pààrọ̀ rẹ̀
sí irú èyí tí kì í yí, tí kì í pariwo.
Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù,
pẹlẹbẹ kékeré, ó rí bí ṣingọ́ọ̀mù.
Ó ní kò sí èyí tó yára tó o.
Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Sábó,
mo ka ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì sọ́wọ́ ọlọ́jà,
mi ò bi í ní ìbéèrè kan.
Ojú ni mo fi rà á,
bí ẹni ra bàtà fún ọmọ tí kò sí nítòsí.

Bílíyámínù tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin,
ó fẹ́ eruku, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.
Ó wò ó, ó tún un wò.
"Mama, ba zai shiga ba."
Kò ní wọlé.
Kì í ṣe pé ọjà náà burú,
ihò tí yóò wọ̀ ni kò sí.
Ọdún tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù yìí,
kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ orúkọ àlejò yẹn.
Ó ní ká tilẹ̀ ní ihò wà,
òmíràn wà tó la ilà kan létí,
òmíràn la méjì, wọn kì í gbọ́ èdè ara wọn.

Ó fi ìka tọ́ ọ hàn mí:
ihò Sátà mẹ́rin, méjì ṣófo.
Okùn iná ló ṣòro. Ẹyọ kan tó kù,
ẹnu ibi tí a ń ki sídìí sí ló wà,
tí a kò ki nǹkan kan bọ̀
láti ìgbà tí ọkọ mi ti gbọ́ wàásù rẹ̀ ìkẹyìn.
Bílíyámínù wò mí.
Mo ní, yọ ọ́.

Ọlọ́jà kùn, ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì,
ó fún mi ní èyí tó fẹ̀ bí àpò káàdì,
ínǹṣì méjì ààbọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gígì.
Òun kọ́ ló yára jù láyé.
Òun ló yára jù nínú ohun tí ẹ̀rọ mi lè gbé mì.
Ìtẹ́ inú ẹ̀rọ tóbi jù fún un,
rọ́bà tí mo fi ń di bébà la fi so ó mọ́ irin.

Gbogbo òru la fi da ẹrù ti àtijọ́ sínú tuntun.
Nẹ́pà mú iná lọ nígbà tó ku díẹ̀,
a ta jẹnẹrétọ̀, a bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Láàárọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, mo yíjú sí ìgbálẹ̀.
Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀rọ ti là.
Mo gbé etí lé e lára.
Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Háàdì àtijọ́ wà nínú agolo bisikíìtì.
Mo ti mì í lẹ́ẹ̀mejì.
"Màmá, ṣé ẹ̀rọ ti tàn?"
Ó ti tàn, ẹ mú fúláàṣì yín wá.
Ilẹ̀ nìkan ni mi ò tíì gbá.