Ògbufọ̀

Ní Otaru, níbi tí òjò dídì ti ń ga dé ojú fèrèsé,
ìyá ìyá mi gbé ẹ̀rọ eré wọn jáde láti inú páálí ọsàn:
àwọ̀ eérú tó ti pọ́n di ti eyín arúgbó,
ojú eyín sì wà lára ìdarí kan.
Màmá mi ló gé e jẹ lọ́mọ ọdún mẹ́fà, lọ́jọ́ tí wọ́n nà án láyò.

Kiyono lorúkọ ìyá àgbà.
Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi la ẹja nílé-iṣẹ́ alágolo,
ọwọ́ wọn mọ ibi tí ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró.
Lálẹ́, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń fo kòtò.

Tẹlifíṣọ̀n wa tuntun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pátákó ìgẹ́ja,
ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn,
kò sì ní ihò kan tí okùn àtijọ́ lè wọ̀.
Mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ wo tèmi."
Mo yọ igi kékeré kan lápò, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin eré ló sùn sínú rẹ̀,
afarawé tó mọ ìrìn gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́,
tó mọ ohùn wọn, tí kì í kó eruku.
Ìyá àgbà wò ó títí.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin? Ta ló ní ọjọ́ ayé tó bẹ́ẹ̀?"
Aṣọ mi pọ̀ ju tiwọn lọ lóòótọ́. Àkísà ni mi ò ní.

Ni mo bá lọ ra ògbufọ̀ fún wọn:
àpótí dúdú, kò tó páálí ìṣáná méjì,
tó ń gbọ́ èdè àná létí ọ̀tún,
tó ń sọ ti òní lẹ́nu òsì.
Àwòrán yọ. Ọkùnrin kékeré inú eré ti sanra,
ó fẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ gùn kọjá.
Mo tún un ṣe. Ojú rẹ̀ ṣú, bí ẹni tí a ń wò nísàlẹ̀ omi.

Ìyá àgbà tẹ bọ́tìnnì. Kòtò.
Wọ́n tún tẹ̀. Kòtò.
Kòtò àkọ́kọ́ pàápàá, èyí tí ọmọdé ń fò!
Màmá mi wo ilẹ̀. Bàbá mi wúkọ́.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọjọ́ orí, gbogbo wa la gbọ́ ọ.
Ìyá àgbà gbé ọwọ́ wọn síná, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò
bí owó tí ọlọ́jà sọ pé ayédèrú ni.

Lóru, mo fi fóònù ya ọwọ́ ara mi àti ojú tẹlifíṣọ̀n pọ̀,
mo sì wò ó ní ìrìn ìgbín.
Àtàǹpàkò tẹ̀.
Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta.
Mo kà á dé méje kí ọkùnrin náà tó gbẹ́sẹ̀.
Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ tán kó tó sọ,
tẹlifíṣọ̀n náà tún fẹ́ kùn àtíkè kó tó jáde.
Mo dán afarawé mi wò: márùn-ún.
Inú márùn-ún yìí ni mo dàgbà sí,
mo rò pé bí ayé ṣe ń dáhùn nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Hatakeda, onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ òkè,
ní tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì kan lẹ́yìn ilé, ikùn rẹ̀ bí oyún oṣù kẹsàn-án.
A so ó mọ́ pátákó, a fà á gòkè,
yìnyín ń ké lábẹ́ rẹ̀, èmi àti bàbá mi ń mí bí ẹṣin.
Nígbà tí a tàn án, irun apá mi dìde.

Ìyá àgbà jókòó sún mọ́ ọn, orókún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.
Kòtò kìíní, wọ́n fò ó.
Ìkejì. Ìkẹta, wọn ò tilẹ̀ mí.
Níbi ìkẹrin, ọkùnrin náà já sí i, gbì.

Ilé pa lọ́lọ́.
Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín:
"Èyí, tèmi ni."