Atọ́kùn

Ní Kotka, létí òkun tó ń dì bí ọ̀rá nígbà òtútù,
Urpo Vainikka fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún yìnyín
kí ọkọ̀ òfuurufú lè rílé gbé.
Ó ní èyí tó ní táyà, ìta ò lè pa á.

Ọdún mẹ́ta ló fi kàn án.
Asẹ́ mákàrónì ìyàwó rẹ̀ ni ikùn,
ìdérí ìgò oògùn ikọ́ ni fèrèsé,
abẹ ìfárùngbọ̀n tí kò mú mọ́ ló di ìyẹ́.
Hilkka wá asẹ́ náà títí,
àfìgbà tó rí i lójú fíìmù,
tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá.
Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ ra òmíràn.
Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé òmíràn yẹn náà wá:
"Ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í jagun."

Ìyẹ̀fun tí a kù sórí pátákó ni erùpẹ̀ òṣùpá.
Aṣọ dúdú tí a fi abẹ́rẹ́ lu,
tí a gbé gílóòbù sẹ́yìn rẹ̀, ni ìràwọ̀.
Mo kà wọ́n: egbèje ó dín mẹ́rin.
Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n,
ìka mi ló gba abẹ́rẹ́ náà.

Veijo tó ń pín lẹ́tà ló ni kámẹ́rà.
Ó ní kí kámẹ́rà máa sáré
kí nǹkan kékeré lè wúwo:
ohun tó bá rọra ṣubú, ojú á ní ó tóbi.

Èmi Marketta, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ará òdìkejì ọ̀nà,
èmi ni mo di okùn mú.
Okùn ìpẹja, tín-ín-rín bí irun.
Bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá atọ́kùn,
àmọ́ atọ́kùn tèmi, wọn ò gbọdọ̀ rí i.
Bí iná bá kọ mànà lára okùn,
ọkọ̀ tún di asẹ́.

Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Máàṣì la fẹ́ pa á run.
Bángà mẹ́fà wà nínú rẹ̀.
Hilkka dúró ti garawa yìnyín.
Urpo kà á láti márùn-ún wálẹ̀.

Gbàù!

Asẹ́ fò dé òrùlé,
ìyẹ́ kan há sára ògiri, ó wà níbẹ̀ dòní,
ìyẹ̀fun bò wá, a di ará ọ̀run láìkú.
A hó yèè.
Veijo ò hó.
Ó ń wo ìdérí ojú kámẹ́rà,
tó ṣì wà níbi tó wà.

Òkùnkùn la yà,
ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀,
òkùnkùn tó dán mọ́rán.

Urpo jókòó sórí táyà kan.
Ó nu ojú, ó wo ilẹ̀:
èéfín ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun ń balẹ̀,
asẹ́ dorí kodò, gílóòbù kan ṣì ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.
Hilkka ti mú ìgbálẹ̀.
"Má tíì gbálẹ̀," ló wí.
"Veijo, ṣí i. Ibí la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù wa ṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí ogun ti tán.
A ò sọ ẹni tó bá ẹni jà. A ò mọ̀ ọ́n.
Òkùnkùn yẹn la fi ṣáájú,
torí rẹ́kọ́dà Urpo kò ní ìdérí,
ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní gbọ̀ngán ilé ìkàwé, èèyàn ogójì jókòó.
Lẹ́yìn tó parí, ọkùnrin kan láti èbúté búra
pé òun rí iná náà, pé ó pupa,
pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó òun nípèéńpéjú.
Veijo wo bàtà rẹ̀.
Èmi wo ọwọ́ mi:
okùn ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn gbàù,
mo dì í mú ṣinṣin,
kò so mọ́ nǹkan kan.