Jíà Kẹta

Ẹṣin méjì ń bẹ nínú tírélà lẹ́yìn mi,
abo pupa kan, àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì mọ ọ̀nà.
A ti gun òkè Wyoming dé góńgó;
yìnyín ṣì lẹ̀ mọ́ etí títì.
Verlin, bàbá ìyá mi, fi fìlà bojú, ó ṣe bí ẹni sùn.

"Gígun òkè kì í pa ọkọ̀," ohùn rẹ̀ jáde lábẹ́ fìlà.
"Sísọ̀kalẹ̀ ni."

Mo tẹ bọ́tìnnì ẹrù-fífà.
Mo já jíà wálẹ̀: ìkarùn-ún, ìkẹrin.
Ẹ́ńjìnnì ké. Ọwọ́ mi fẹ́ dá a padà,
ariwo a máa jọ ìbínú létí ẹni tí kò gbẹ́rù rí.
"Jẹ́ kó ké. Ẹni tó di nǹkan mú ló ń kérora.
Bíréèkì tó dákẹ́, ó ń jóná ni."

Ìkẹta.
Ọkọ̀ fà sẹ́yìn bí ẹni tó rántí nǹkan nílé.
Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.
Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kò rí wa gbé.

Lẹ́yìn, pátákò ọmọ ẹṣin dún lẹ́ẹ̀kan lórí pákó.
Nísàlẹ̀, iná ilé epo kan ṣoṣo.
Verlin kò yìn mí.
Ó ṣí fìlà, ó wo òṣùwọ̀n ooru,
ó ní ká dúró ra kọfí.