Ẹyin Keje

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Súnámgánjì,
mo ti wà lórí eékún lẹ́nu ilé pẹ́pẹ́yẹ,
apá mi wọ inú òkùnkùn dé èjìká,
mò ń fọwọ́ tú koríko gbígbẹ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.
Ọ̀kan. Èjì, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.
Ẹ̀ta. Ẹ̀rin, tí ẹrẹ̀ kùn lára.
Àrún. Ẹ̀fà.
Pẹ́pẹ́yẹ méje, ẹyin mẹ́fà.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko rèé.

Ta ni kò yé nínú yín?

Wọ́n tò jáde, ìdí ń mì lọ́tùn-ún, lósì,
bí àwọn ìyàwó olówó tí bàtà há lẹ́sẹ̀.
Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn.
Ojú mi wà lára Eléérú, èyí tó gbẹ̀yìn,
tó ń rìn bí aboyún tó mọ ibi tó ń lọ.
Mo yíjú báyìí, mo yí i padà, kò sí mọ́.
Eléérú kò yé,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yé mi.

Torábù pè láti Dáká, níbi tó ti ń ru bíríkì.
Ohùn rẹ̀ gbẹ, eruku ti mu ún.
"Sófúrà, ta á.
Ẹyẹ tó ń jẹ tí kò yé, àlejò ni."
Mo ní mo gbọ́.
Gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà.

Mẹ́rin-mẹ́rin là ń ta ẹyin níhìn-ín:
mẹ́rin fún òróró, mẹ́rin fún ìwé Láìlí.
Tí mẹ́fà bá dé, méjì á ṣẹ́kù,
á jókòó sínú ìkòkò ìrẹsì, á máa dúró de ọ̀la.

Ìyá Móksúdù lódìkejì ọgbà ń yínmú:
"Wo ẹrẹ̀ àgbàlá rẹ! O ò ṣe sin adìẹ?"
Mo sin adìẹ rí, ìyá.
Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, omi dé, ó gbé wọn lọ.
Pẹ́pẹ́yẹ rí omi kan náà,
ó ní, ẹ kú ilé.

Nínú oṣù Àṣáà, omi wọlé láìkágò.
A fi bíríkì gbé ibùsùn ga,
a so iyọ̀ mọ́ àjà,
a gbé ààrò amọ̀ sórí àpótí.
Láìlí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe àwọn ẹyẹ:
ṣọ́ì, ṣọ́ì, ṣọ́ì!
Mẹ́fà wẹ̀ wá.

Mo ká aṣọ sókè, mo wọ́dò lọ sẹ́yìnkùlé,
omi dé itan, ó dé ìbàdí,
títí mo fi dé ìdí ọparun.
Eléérú rèé, ó ń yí ojú kan ṣoṣo po,
ó ń ké, kò lọ, kò bọ̀.
Ẹyin mẹ́sàn-án ń léfòó yí i ká
bí orí pípá àwọn bàbá arúgbó tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Èyí tó léfòó ti kú, ìyá mi ló kọ́ mi.
Mo jẹ́ kí omi máa gbé wọn lọ.
Mo fẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀,
omi dé àgbọ̀n, mo na ọwọ́ sínú ẹrẹ̀.
Ọ̀kan. Ó tutù bí òkúta.
Èjì.
Ẹ̀ta.
Ẹ̀rin! Iye ọjà kan gẹ́lẹ́.

N kò tà wọ́n.
Mo sè wọ́n lórí ibi gíga tó kù fún wa,
Láìlí jẹ méjì, ó lá ìka,
ó ní kí n má bínú, òun á jẹ ẹ̀kẹta.

Lálẹ́, Torábù pè: "Ṣé o ti ta á?"
Mo ní omi ń pariwo, n kò gbọ́ ọ dáadáa.
Eléérú wà ní ẹsẹ̀ ibùsùn, lórí ẹní mi,
ó ń fi ẹnu to ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
kò bẹ̀bẹ̀,
kò jẹ́wọ́.