Ta Ni Yóò Ka Mítà Odò?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé àkàbà NẸ́PÀ kiri,
Mọ́kọ́lá, Òkè-Àdó, Bẹẹrẹ, títí dé Kúdẹtì.
Èmi ni mo ń já wáyà onígbèsè.
Bí wọ́n bá ń fi èpè mọ bílọ́ọ̀kù ni,
èyí tí mo gbọ́ lórí òpó tó pẹtẹ́ẹ̀sì.

Owó ìfẹ̀yìntì dé díẹ̀díẹ̀, bí iná wọn.
Mo fi ra éékà méjì lẹ́yìn Àkànrán,
ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dù,
odò kékeré kan ń gba àárín rẹ̀ kọjá.
Mo bi Baálẹ̀ pé kí lorúkọ rẹ̀.
Ó ní, "Odò náà ni."

Òpó iná ò dé ọ̀dọ̀ wa.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo gbé garawa sábẹ́ ibi tí omi ti ń já lórí àpáta,
mo ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,
ní àrún, garawa kún.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kà.
Ẹni tó ti ka mítà pẹ́
kì í gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́.

Kàsúmù wẹ́dà, ní Géètì, jó ìgbakọ mẹ́rìndínlógún
mọ́ ríìmù kẹ̀kẹ́,
ó fi bẹ́líìtì so ó mọ́ dáínámò Dátsọ̀n kan
tí ìpáta ti jẹ ojú rẹ̀.

Ìbíyẹmí ìyàwó mi ò sún mọ́ ọn.
Ọdún tí Ògùnpa ya, orí àjà lòun àti àbúrò rẹ̀ wà.
Òun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀.
"Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó," ó ní,
"onílé ni ò níí gbà. Ìwọ wá ń pè é wọlé."

Alẹ́ tí a kọ́kọ́ ṣí páìpù,
ríìmù gbọ̀n, ó kọ́, ó yí.
Gílóòbù pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
ó wá funfun.
Omi tí a fi ń paná
ló lóyún nínú òkùnkùn, tó bí iná sí wa lọ́wọ́.
Ìbíyẹmí ò sọ̀rọ̀. Ó gbé búbà tó ya jáde,
ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́
lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láoyè tó ń sin ẹja nísàlẹ̀ bá ìbínú wá:
ṣé omi òun ni mo ń mu?
Mo mú un lọ síbi tí páìpù ti ń pọ omi padà.
"N ò mu ún. Mo kàn ní kó bá mi ti ilẹ̀kùn kan ni,
bó ṣe ń lọ."
Ó wo ríìmù títí.
"Ta ni yóò máa wá ka mítà ẹ̀?
Bí o ò bá sì san, ta ni yóò wá já a?"

Sọ̀fíò ri òkúta mẹ́rin sílẹ̀ mi,
odò ò ka nọ́ńbà ara wọn.
Mo fa wáyà kan dé ọ̀dọ̀ Láoyè.

Ọyẹ́ wá dé.
Mo gbé garawa lọ, mo kà dé ogójì,
kò tíì dé ìlàjì.
Ríìmù dúró. Gílóòbù pọ́n, ó kú.
Odò já wáyà mi.
Mo wòkè, n ò rí ẹnikẹ́ni lórí àkàbà.
Èpè dé ètè mi, ó mọ̀ mí, ó padà.

Nínú òkùnkùn, Ìbíyẹmí bèèrè ohun tí gbogbo Bẹẹrẹ
máa ń bi mí nígbà náà:
"Ìgbà wo ni wọ́n máa mú un wá?"
Mo fún un ní èsì tí mo máa ń fún wọn,
"Ó ń bọ̀,"
ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò purọ́.